Ìsàlẹ̀ Ìwé Àṣẹ Ọ̀gá Onítáì

Àpò méjì ni wọ́n ti dì kalẹ̀, ẹ̀kẹta ni wọ́n ń jà lé lórí.

"Màmá, ilé ìtura ni ọmọ yìí ń lọ ṣiṣẹ́." Alágbàfọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí àpò náà mú bí ìgbà tó bá ń fún omi lára kótìnì. "Ilé ìtura oníyàrá igba. Ṣé wọn ò ní ní ìkòkò níbẹ̀ ni?"

"Ìkòkò tiwọn nìyẹn," ni ìyá ọkọ rẹ̀ dáhùn, ó sì tún ti ìkòkò náà wọnú àpò. "Èyí ni tiwa. Ọmọ tó ń fọ aṣọ ibùsùn yàrá igba, ṣé kò ní jẹun ni? Fi mí sílẹ̀, ìyàwó mi, kí n di ẹrù ọmọ mi."

Ìyá Àgbà kì í borí nínú ìjà kó má fi orin sí i. Ó jókòó lé àpò náà lórí kí síìpù rẹ̀ lè pa dé, ó wá ń jù síwájú, ó ń jù sẹ́yìn:

"Ọmọ mi ń lọ síléeṣẹ́ o,
Iléeṣẹ́ alátẹ̀gùn méje.
Tó bá gun ọ̀kan, kó sinmi,
Tó bá gun méjì, kó rántí mi,
Tó bá dé òkè, kó jẹun ná."

"Ìyá Àgbà, ẹ̀rọ ló ń gbé èèyàn gòkè níbẹ̀!" Àkọ́bí kígbe láti inú yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ẹ̀rọ náà sinmi nígbà náà."

Àkọ́bí ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà, àmọ́ òun náà ni àbígbẹ̀yìn, torí kò sí ẹni tó tẹ̀ lé e wá. Agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀sì máa gbé e lọ sí ìlú òkèèrè, ìrìn wákàtí mẹ́rìnlá. Ọ̀gá Onítáì, ejẹ́ntì tó ń bá èèyàn wá iṣẹ́ ní ìkòríta, ló bá a wá iṣẹ́ náà. Ó ti gba owó ìforúkọsílẹ̀, ó ti gba owó fọ́ọ̀mù, ó sì ti gba ìwé ẹ̀rí ọmọ náà méjèèjì, ti iléèwé àti ti ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Ó ní ọ̀dọ̀ agbaniṣíṣẹ́ ni àwọn ìwé ẹ̀rí náà máa wà títí ọdún méjì á fi pé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó ní. Ẹni tí ebi iṣẹ́ bá ti ń pa kì í béèrè ta ni àwọn "wọ́n" yẹn.

Bàbá Àkọ́bí jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin díndín. Onífíréémù ni, òun ló ń fi gíláàsì àti igi yí fọ́tò gbogbo àdúgbò ká. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó máa ń gé búrẹ́dì rẹ̀ ní igun mẹ́rin géérégé kó tó jẹ ẹ́. Inú rẹ̀ dùn láàárọ̀ yẹn dé ibi pé ó mu tíì kọ́ọ̀bù méjì.

Onídìrí ará ilé kejì ló kan ilẹ̀kùn wọlé, kóòmù ṣì wà nínú irun orí òun fúnra rẹ̀, ó gbé ẹrù kékeré kan dání.

"Ẹ káàárọ̀ o, ará ilé! Àkọ́bí dà? Wá gba ẹrù àbúrò mi. Ọṣẹ ni, pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ mẹ́fà. Ibì kan náà kúkú ni ẹ jọ máa wà."

Àbúrò Onídìrí ti lọ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ọ̀gá Onítáì kan náà ló mú un lọ.

"Ṣé ó ti pè yín?" Alágbàfọ̀ bi í.

"Á pè. Iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè lóṣù àkọ́kọ́, ó tún pè lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn." Onídìrí rẹ́rìn-ín. "Ẹ mọ ọmọ yẹn, tó bá ti ń rówó, kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́."

Kò sẹ́ni tó bá a rín ẹ̀rín náà tán. Rédíò Ìyá Àgbà ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Rédíò yìí, gbogbo ibi ni ìyá ń gbé e lọ, títí kan balùwẹ̀, lọ́jọ́ yẹn orí àpò ẹ̀kẹta ló gbé e lé. Ọkùnrin kan ń ka ìròyìn:

"Àwọn aláṣẹ ti kìlọ̀ pé ejẹ́ntì tí kò níwèé àṣẹ ti pọ̀ jù. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ wo ìsàlẹ̀ ìwé àṣẹ ejẹ́ntì dáadáa. Ìsàlẹ̀ ni ọjọ́ tí ìwé náà máa parí wà. Ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n kọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ dé sí, àti ohun tí kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́..."

"Ẹ gbọ́ nǹkan!" Onídìrí pàtẹ́wọ́. "Kí wọ́n máa wá gbogbo àwọn olè yẹn kiri. Tiwa wà lára ògiri gbagidi, nínú fíréémù aláwọ̀ wúrà. Ìwé yẹn ni mo rí tí ọkàn mi fi balẹ̀ tí mo fi ní kí àbúrò mi máa lọ. Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán! Onífíréémù, ṣebí iṣẹ́ ọwọ́ yín ni?"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó ti fi búrẹ́dì sẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́.

"Bàbá Àkọ́bí, wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Mo gbọ́," ó ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Ó dìde, ó fi tíì kọ́ọ̀bù kẹta sílẹ̀, ó jáde lọ sí iwájú ilé níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó rántí ìwé náà. Ó rántí bó ṣe nípọn tó, ó rántí àwọ̀ rẹ̀, ó rántí pé igun rẹ̀ kan ṣẹ́ díẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni kò rántí, torí kò wọ̀ ọ́ lórí rí.

Kò pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi dé. Ó kọ́kọ́ dúró sáàárín àwọn fọ́tò tí wọn ò tíì wá gbà, àwọn ọkọ àti ìyàwó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gboyè, àwọn ọmọ ìkókó tí wọn ò léyín, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Bàbá Àkọ́bí."

"Mò ń bọ̀."

"Ẹ ń bọ̀ láti ibo? Iwájú mi lẹ jókòó sí. Kí ló wà nísàlẹ̀ ìwé ọkùnrin yẹn?"

Onífíréémù gbé rúlà, ó gbé e kalẹ̀. "Ìwé yẹn gùn ju fíréémù lọ. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé fíréémù wá, ó ti rà á láti ibòmíì. Ìka mẹ́ta ni ìwé fi gùn jù ú."

"Ẹ wá ṣe kí ni? Ẹ gé e?"

Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀. "Èmi? Kí n gé ìwé oníwèé? Láti ìgbà tí mo ti mú ọ̀bẹ, mi ò gé ìwé ẹnikẹ́ni rí. Mo ká a ni. Mo ká ìsàlẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn jẹ́jẹ́, mo fi páálí funfun yí i ká, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé mo ká nǹkan kan. Ó jókòó bí..." Ó fẹ́ sọ bó ṣe jókòó tó. Ojú tí ìyàwó rẹ̀ fi wò ó ló mú un dákẹ́.

"Kí lẹ kà níbẹ̀ kí ẹ tó ká a?"

"Mi ò kà á."

"Ẹ ò kà á."

"Wíwọ̀n ni mo wọ̀n ọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé wá, wíwọ̀n ni mò ń wọ̀n ọ́n."

"Ẹ̀yin yìí!" Ohùn Alágbàfọ̀ ti lọ sókè, àwọn tó ń kọjá lójú pópó ti ń rìn jẹ́jẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. "Ẹ̀yin tí ẹ rí fọ́nrán irun kan lábẹ́ gíláàsì ìyàwó tuntun, tí ẹ tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, tí ẹ tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀! Gbogbo ọ̀rọ̀ tó gba ìka mẹ́ta, ojú yín ò rí i!"

"Irun kì í ṣe ara fọ́tò, Ìyá Àkọ́bí. Ọ̀rọ̀ ní tiẹ̀, ara ìwé ló ń gbé."

Bí kì í bá ṣe ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rín ni ì bá pa obìnrin náà. Ó mí kanlẹ̀. "Èló ló san fún iṣẹ́ yẹn?"

Onífíréémù tún gbé rúlà. "Kò sanwó. Ó ní òun á fi ìwé Àkọ́bí sókè pátápátá, kó lè tètè kàn án."

Alágbàfọ̀ yí pa dà, ó wọlé. Láti ìgbà náà lọ, kò bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ Alágbàfọ̀ á mọ̀ pé ariwo rẹ̀ kò léwu, dídákẹ́ rẹ̀ ni kéèyàn sá fún.

Àkọ́bí yọ síta pẹ̀lú bàtà tuntun, ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Bàbá mi, ẹ wò mí! Ṣé mo jọ òṣìṣẹ́ ilé ìtura?"

"O jọ ẹni tó ni ilé ìtura." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Àkọ́bí, tí a bá débẹ̀, mo fẹ́ kọ́kọ́ yẹ ìwé àṣẹ ọ̀gá yẹn wò."

"Lónìí?"

"Ìsàlẹ̀ ẹ̀ nìkan."

Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rédíò, ó sì ti gbọ́ ariwo ìyá rẹ̀. Kì í ṣe adití. "Bàbá, ọdún méjì ni mo fi jókòó sílé yìí. Ọdún méjì tí mo fi ń bá Màámi lọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Tí ẹ bá fẹ́ yẹ nǹkan wò, ẹ yẹ bàtà mi wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ fún mi."

Bàbá rẹ̀ wo bàtà náà. Bóyá nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Bóyá orúkọ iléeṣẹ́ tó tẹ ìwé náà lásán ni. Ó fi ẹ̀mú kékeré sápò, ó fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tì í, ó gbé àpò ńlá méjì. Wọ́n jáde.

Ní ọ̀nà, ẹnu Àkọ́bí ni ọkọ àti ìyàwó gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Sọ fún bàbá rẹ kó gbé àpò yẹn sí èjìká kejì, èyí tó wà yẹn á bọ́."

"Bàbá, Màámi ní—"

"Mo gbọ́. Sọ fún ìyá rẹ pé mo ti gbé e."

"Màámi, Bàbá ní—"

"Mi ò dití."

Ìyá Àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àpò ìkòkò, ó kọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni. Onídìrí náà ti tẹ̀ lé wọn. Ó ní òun fẹ́ gba nọ́ńbà tuntun àbúrò òun lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Onítáì kò ju yàrá kan lọ, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bátìrì. Bẹ́ǹṣì méjì ló wà níbẹ̀, fáànù kan tó ń yí bí ẹni tó ń ronú, tábìlì onídúróà mẹ́ta. Àwọn ọ̀dọ́ bíi méjìlá ti jókòó pẹ̀lú ẹrù wọn. Lókè orí tábìlì, lára ògiri, fíréémù náà ń dán. Ó dára lóòótọ́. Onífíréémù rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, orí rẹ̀ wú fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Bàbá Àkọ́bí! Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, ẹ̀yin lẹ ni ibí!" Ọ̀gá Onítáì dìde. Ọkùnrin tó sanra díẹ̀ ni, táì pupa wà lọ́rùn rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. "Bọ́ọ̀sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ọmọ yín ló wà lókè pátápátá, mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá. Fíréémù yẹn ni mo fẹ́ tún wò. Mo rò pé ìṣó ẹ̀yìn ẹ̀ ti dẹ̀."

"Lónìí? Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ó ṣì dúró dáadáa."

"Kò ní pẹ́."

"Mo ní ẹ fi í sílẹ̀ dọ̀la."

Ó ti sọ ọ́ yára jù. Onífíréémù gbọ́ bó ṣe yára tó. Ó fa àga kan mọ́ra, ó gun un. Ẹni tó wà lórí àga yìí, ẹni tí kì í bá onígbèsè jà, tí kì í bá ìyàwó ṣe gbólóhùn asọ̀ ju méjì lọ! Àga náà ń jó lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀!" Àkọ́bí fà á láṣọ. "Ẹ ń dójú tì mí!"

"Di àga mú, ọmọ mi."

Kí ló fẹ́ ṣe? Ó di àga mú.

Onífíréémù gbé fíréémù náà sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó fi ẹ̀mú fa àwọn ìṣó wẹ́wẹ́ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n síbì kan kí wọ́n má sọnù, torí ìyẹn ti mọ́ ọn lára. Ọ̀gá Onítáì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní èyí jẹ́ dúkìá òun, ó ní òun á pe ọlọ́pàá. "Ẹ pè wọ́n," Ìyá Àgbà ní, ó gbé àpò ìkòkò kalẹ̀ sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e. Kò sẹ́ni tó lè jáde mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè wọlé.

Páálí funfun ṣí. Onífíréémù mú ìwé náà, ó tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ká sílẹ̀. Ojú ibi tó ti ká a tẹ́ gbọọrọ bí ọ̀nà. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà mẹ́rin wà.

Àkọ́bí gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Òun fẹ́ fi hàn wọ́n pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni, kí gbogbo rẹ̀ lè parí. Ó kà á sókè ketekete bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì:

"Àṣẹ yìí wà fún wíwá iṣẹ́ láàárín ìlú yìí nìkan. Ẹni tó gbà á kò láṣẹ láti kó òṣìṣẹ́ lọ sí ibòmíràn." Ohùn rẹ̀ rọ díẹ̀. "Kò gbọdọ̀ gba owó kankan... lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́..."

Ó wo bàtà rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ wá gba ìwé náà pa dà. Òun náà ka èyí tó kù, ó ń fa ọ̀rọ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe fa ìṣó: "Kò gbọdọ̀ di ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Àṣẹ yìí parí..." Ó ka ọjọ́ náà, oṣù náà, ọdún náà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta tí àṣẹ náà ti parí.

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gá Onítáì.

"Tuntun ń bọ̀ lọ́nà," Ọ̀gá Onítáì ní. "Ìjọba ló ń fi nǹkan falẹ̀, gbogbo yín ẹ mọ̀ wọ́n. Fọ́ọ̀mù mi wà lọ́dọ̀ wọn."

"Ọ̀gá," ni Onídìrí pè é jẹ́jẹ́. Kóòmù ṣì wà nínú irun rẹ̀. "Àbúrò mi ńkọ́?"

"Àbúrò yín wà dáadáa."

"Ẹ bá mi pè é."

Ọ̀gá Onítáì mú fóònù, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ sókè, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. "Wọ́n ti yí nọ́ńbà ibẹ̀ pa dà."

"Ẹ bá mi pe ilé ìtura náà nígbà náà. Oníyàrá igba ni. Kò lè má ní fóònù."

Ó ṣì ń wo fóònù. Òógùn ti mú táì náà lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Onídìrí dúró síwájú rẹ̀, kò pariwo, kò sunkún, ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ṣéńjì. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀ títí gbogbo wọn fi ń wo ibòmíràn.

Ìta ni bọ́ọ̀sì ti fun fèrè, fọ́nọ̀, fọ́nọ̀. Kò sẹ́ni tó dìde.

Ọmọkùnrin gíga kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ìwé ẹ̀rí mi." "Tèmi náà." "Èmi pẹ̀lú." Ẹnu ti ń pọ̀. Ìyá Àgbà rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà, ó sì mọ ohun tó máa ń tú ìjà ká. Ó lu ìkòkò inú àpò pẹ̀lú ọwọ́, gò, gò, gò:

"Ọ̀gá Onítáì, tú táì rẹ,
Ká rí bọ́tìnnì tó já.
Ọ̀gá Onítáì, ṣí dúróà,
Kóníwèé mú ìwé rẹ̀ lọ."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn méjìlá, wọ́n ń lu bẹ́ǹṣì. Kí ni ejẹ́ntì kan ṣoṣo fẹ́ ṣe sí orin? Ó ṣí dúróà àkọ́kọ́. Ó kó fáìlì jáde. Ìwé Àkọ́bí ló wà lókè pátápátá, ó mú àdéhùn yẹn ṣẹ. Àwọn tó kù gba tiwọn. Dúróà ìsàlẹ̀ ni ti àbúrò Onídìrí wà. Ìwé ẹ̀rí náà kò bá ọmọ náà dé ibikíbi. Onídìrí gbé ìwé náà máyà, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àgbà kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n bá a, ó jókòó.

Alágbàfọ̀ jókòó tì í. Ó yọ kóòmù kúrò nínú irun rẹ̀ fún un. "Dìde," ó ní. "Ọ́fíìsì ìjọba tó ń fún wọn láṣẹ kò jìnnà. Wọn ò tíì tì í."

Bọ́ọ̀sì fun fèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbéra lófìfo. Àkọ́bí wò ó títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà. Bàbá rẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kàn án, kò mọ ibi tó máa fọwọ́ kàn.

Obìnrin kan ló wà ní ọ́fíìsì náà, aago mẹ́ta ti kọjá, ó ń bó ọsàn sórí ìwé ìròyìn. Nígbà tó gbọ́ orúkọ ejẹ́ntì náà, ó gbé ọsàn kalẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn? Ìwé rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ọdún mẹ́ta," Alágbàfọ̀ ní. "Ní ìkòríta. Lókè ṣọ́ọ̀bù. Pẹ̀lú pátákó."

"Àwa méjì péré la wà ní ọ́fíìsì yìí, Ìyá. Alùpùpù kan la ní, ó sì ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Ìyá Àgbà béèrè. "Ẹsẹ̀ tiwa la fi rìn dé ibí, tí àpò ìkòkò sì wà lọ́wọ́ mi."

Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó yọ fọ́ọ̀mù jáde, ó kọ orúkọ àbúrò Onídìrí àti ìlú tó lọ. Ó ní òun á pe àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní ìlú yẹn kóun tó kúrò lórí ìjókòó. Ó pè wọ́n lóòótọ́ lójú gbogbo wọn, wọ́n ní kó dúró, ó dúró, wọ́n gba orúkọ náà sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa wá a lọ láàárọ̀ ọ̀la. Onídìrí kàn ń mi orí.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà gba ìwé àṣẹ náà, tí Onífíréémù ti mú dání láti ọ́fíìsì Ọ̀gá Onítáì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó fi ìka tọ ojú ibi tó ká. "Èyí ni mo nílò jù. Tí mo bá mú un, á ní gbangba lòun gbé e kọ́, pé ẹni tí kò kà á ló jẹ̀bi. Mo gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa sọ pé wọ́n bo ìsàlẹ̀ ẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Orúkọ ẹni náà á wà nínú ìwé, wọ́n sì máa kà á síta. Ta ló ká a?"

Onídìrí gbé ojú sókè. Ó jọ pé ìsinsìnyí ló ń so ọ̀rọ̀ náà pọ̀: wúrà tó ń dán, ògiri, ọkàn tó balẹ̀. Ó yíjú sí Onífíréémù.

Ọkùnrin náà lè sọ pé òun ò mọ̀. Ta ló máa bá a jiyàn? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n sí ọmọlúàbí.

"Èmi ni," ó ní. "Ọwọ́ yìí ni mo fi ká a."

Obìnrin náà ti bírò sí i. Àkọ́bí ló gba bírò náà. Kò tíì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì ti lọ. Ó fa àga mọ́ tábìlì, ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó kọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ bí ìwé ṣe gùn ju fíréémù lọ. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

"Bàbá, ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ ò mọ ohun tó wà níbẹ̀?"

Ó rò ó wò. Ohun tó máa mú un bọ́ nìyẹn, ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n. Ó wo Onídìrí, ó wo ilẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Kọ ọ́ pé mi ò kà á."

Bírò ń dún lórí ìwé. Alágbàfọ̀, tí kò tíì bá ọkọ rẹ̀ sọ gbólóhùn kan láti àárọ̀, fa àga tirẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó.

"Bàbá Àkọ́bí," ó ní, "ẹ sọ fún ọmọ yín kó fi kún un pé ẹ ti kà á lónìí. Sókè. Lójú gbogbo èèyàn."

Àkọ́bí fi kún un.